Bí ẹ ó ṣe gbé ajá aláìsàn dé Èkó nígbà tó jẹ́ pé ẹ̀gbọ́n yín tó le ló ni ọkọ̀

Ajá Bàbá wa ń jẹ́ Tanímọ̀la, ọmọ ọdún 13 ni. Nígbà tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ ojú fún Bàbá, tí àbúrò wa obìnrin sì mú wọn sọ́dọ̀ ní Ṣómólú, èmi àti Màmá la kù sí Òmù-Àrán, ajá sì kù sọ́wọ́ mi. Alaalẹ́ ni Bàbá ń pè. Wọn á béèrè Màmá, wọn á béèrè àwọn ọmọ, lẹ́yìn náà ni ohùn wọn á rọ̀: "Tanímọ̀la ńkọ́?" Lálẹ́ ọjọ́ tí mo sọ fún wọn pé kíndìnrín rẹ̀ ti ń bàjẹ́, wọn ò fọhùn fún ìgbà díẹ̀. Wọ́n wá ní, "Ẹ gbé e wá kí n rí i."

Ọkọ̀ kan ṣoṣo tó wà nílẹ̀, ti ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ni. Bọ̀dá mi wa ọkọ̀ akẹ́rù láti Kánò sí Èkó fún ọdún 11. Wọn kì í fẹ́ dúró lọ́nà, wọn kì í sì í fẹ́ kí àbúrò sọ fún wọn pé kí wọ́n rọra. Bí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ìdílé bá sì fi lè yọjú, ó di wàhálà nìyẹn. Èmi àti wọn ò tíì jókòó nínú ọkọ̀ kan dé Ajàṣẹ́-Ìpo láìsí ariwo rí. Láti Òmù-Àrán dé Ṣómólú sì lé ní kìlómítà 350.

A dé ibẹ̀, ajá sì wà láàyè. Bí ẹ bá ní irú ìrìn yìí níwájú, ẹ gbọ́ bí a ṣe ṣe é.

Dókítà ẹran ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ bá, ó kéré tán ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú ìrìn. Mo gbé Tanímọ̀la lọ sí ilé ìwòsàn ẹranko ti Yunifásítì Ìlọrin. Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ fún àyẹ̀wò, wọ́n fa omi sábẹ́ awọ ẹ̀yìn rẹ̀, wọ́n wo èrìgì rẹ̀, wọ́n sì wá eégbọn ní etí àti àárín ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀. Èmi wá béèrè ohun tí mo bá lọ: ṣé ó lè rin ìrìn yìí rárá? Ẹ má fo ìbéèrè yìí. Bí dókítà bá ní kò lè rìn, kí ẹni tó fẹ́ rí ajá múra kó máa bọ̀ wálé. Tiwa, dókítà ní ó lè rìn bí a bá ń dúró ní wákàtí méjì-méjì, tí omi ò sì wọ́n ọn.

Ọ̀rọ̀ omi yìí ṣe pàtàkì ju bí àwọn ènìyàn ṣe rò lọ. Kíndìnrín tó ti rẹ̀ kò lè dá omi dúró sára mọ́, ìdí nìyẹn tí ajá bẹ́ẹ̀ fi ń mu púpọ̀ tó sì ń tọ̀ púpọ̀. Mo ti rí ẹni tó fi omi du ajá rẹ̀ láàárọ̀ kó má baà tọ̀ sórí ìjókòó ọkọ̀. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, ajá ò lè dìde mọ́. Ẹ jẹ́ kó mu, ẹ jẹ́ kó tọ̀, kí ẹ sì máa ka iye ìgbà tó ń tọ̀. Bí ajá tí kíndìnrín ń dà láàmú kò bá tọ̀ mọ́, ẹ má tún wọ̀nà ilé ẹnikẹ́ni, ilé ìwòsàn ni kí ẹ wọ̀nà.

Kí ẹ tó kúrò níwájú dókítà, ẹ ní kó kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀: àìsàn tó ń ṣe ajá, oògùn tó ń lò àti àkókò rẹ̀, ìgbà tó yẹ kí ẹ dúró, ohun tí ẹ ó ṣe bí ara rẹ̀ bá gbóná. Ẹ mú ìwé abẹ́rẹ́ àjẹsára dìgbòlugi rẹ̀ pẹ̀lú, nítorí ọlọ́pàá ojú ọ̀nà lè béèrè, ẹni tí ajá bá sì kàn lára lójú ọ̀nà máa béèrè dájú. Ìwé dókítà yẹn ni mo lẹ̀ mọ́ iwájú ọkọ̀, lápá ibi tí ojú Bọ̀dá á máa dé.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí rẹ̀. Nílẹ̀ wa, àbúrò kì í sọ fún ẹ̀gbọ́n pé, "Ẹ dúró." Bó bá sọ ọ́, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìrìn mọ́, ọ̀rọ̀ ìwọ̀sí ti dé. Ṣùgbọ́n bí mo bá ní, "Bọ̀dá mi, wákàtí méjì tí dókítà wí ti pé," mi ò pàṣẹ fún ẹnì kankan. Gbogbo ohun tí mo bá fẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n mi lọ́jọ́ náà, orúkọ ajá ni mo fi béèrè rẹ̀: kí wọ́n dín rédíò kù, kí wọ́n rọra ní ibi kòtò, kí wọ́n má mu sìgá nínú ọkọ̀. Kò sí èyí tó jẹ́ irọ́ níbẹ̀. Ẹ̀dọ̀fóró ajá ò fẹ́ èéfín, ikùn rẹ̀ ò sì fẹ́ kòtò.

Ohun tó bá lè dá ìjà sílẹ̀, ẹ yanjú rẹ̀ kí ọkọ̀ tó gbéra. Owó epo: mo fún Bọ̀dá ní gbogbo rẹ̀ lálẹ́ tó ṣáájú, lójú Màmá, kó má baà di ọ̀rọ̀ ní ilé epo. Ibi tí ajá á jókòó: búùtù ni Bọ̀dá fẹ́ gbé e sí. Búùtù ò láfẹ́fẹ́, ooru á mú un, èéfín ẹ́ńjìnnì sì lè wọ ibẹ̀. Mi ò bá wọn jiyàn. Mo pe Bàbá, mo tan fóònù síta kí gbogbo wa máa gbọ́, mo sì béèrè lọ́wọ́ wọn pé níbo ni kí ajá jókòó. Bàbá ní, "Àkàndé, orí ìjókòó ni ajá mi ń jókòó." Ó parí síbẹ̀. Bí ẹ bá ní àgbà kan tí ẹ̀gbọ́n yín ń gbọ́ tirẹ̀, kí àgbà náà ti sọ tirẹ̀ láti ilé.

Mo tún pín agbára fún Bọ̀dá, èyí sì ni mo rò pé ó ràn wá lọ́wọ́ jù. Mo ní, "Ajá ló ni ìgbà tí a ó dúró, ẹ̀yin lẹ ni ibi tí a ó dúró sí." Ẹni tó wa ọkọ̀ Kánò fún ọdún 11 mọ ibi tí igi wà, ibi tí ọkọ̀ ńlá kì í ti yà bàrá, ibi tí ojú ènìyàn wà tí ọkàn á balẹ̀. Ìmọ̀ yẹn kì í ṣe ohun kékeré lójú ọ̀nà wa lóde òní. Wọ́n gbà á, inú wọn sì dùn sí i.

Ní ti ẹrù, mo tẹ́ ọ̀rá ńlá sórí ìjókòó ẹ̀yìn, mo fi ẹní lé e, mo fi ìró àtijọ́ méjì lé ẹní. Mo pọn omi kànga wa sínú kẹ́ẹ̀gì lítà 10, nítorí omi àjèjì máa ń da inú ajá arúgbó rú. Mo mú abọ́ méjì, ìwé ìròyìn àtijọ́, ọ̀rá fún èébì, tòwẹ́ẹ̀lì mẹ́ta, àti ohun tí a fi ń wọn ìgbóná ara. Oúnjẹ rẹ̀ jẹ́ ìrẹsì rírọ̀ àti ẹran adìyẹ díẹ̀, láìsí iyọ̀, láìsí magí. Díẹ̀ nínú rẹ̀ ni mo fún un ní aago mẹ́ta òru, ó sì tó bẹ́ẹ̀ títí a fi rìn jìnnà.

Aago mẹ́fà la gbéra, nígbà tí ilẹ̀ fẹ́ mọ́. A kọjá Òrò, a kọjá Ajàṣẹ́-Ìpo àti Ìdọ̀fìán, a sì dúró ní Gànmọ̀ kí a tó wọ inú ìdíwọ́ ọkọ̀ Ìlọrin. Bọ̀dá ní a ṣẹ̀ṣẹ̀ gbéra ni, mo sì wo ìwé iwájú ọkọ̀ láìsọ̀rọ̀. Wọ́n yà. Tanímọ̀la tọ̀, ó mu omi. Láti ibẹ̀, ó di Gérí Álímì, ó di Ẹyẹnkọ́rin, ó di Òtẹ̀.

Ní Ògbómọ̀ṣọ́ ni mo ti yíjú sẹ́yìn tí mo rí Bọ̀dá tí wọ́n ń ya àkàrà fún ajá. Ìfẹ́ ni wọ́n fi ṣe é, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n àlùbọ́sà máa ń ba ẹ̀jẹ̀ ajá jẹ́, ìbáà jẹ́ tútù ìbáà jẹ́ dídín, iyọ̀ inú àkàrà sì tún jẹ́ ẹrù mìíràn fún kíndìnrín. Ẹ sọ èyí fún ẹni tí ẹ bá jọ rìn nílé, ẹ má dúró dìgbà tí ọwọ́ bá ti dé ẹnu ajá. Bákan náà ni oògùn ara ríro tiwa. Bọ̀dá ní ibuprofen nínú àpò, wọ́n fẹ́ bù ú fún un nítorí ó ń ké nígbà tí ọkọ̀ bá gbọ̀n. Ibuprofen lè pa kíndìnrín ajá tí ara rẹ̀ le pàápàá, ká má tíì sọ ti Tanímọ̀la. Kò sí oògùn ènìyàn kankan tí ẹ gbọ́dọ̀ fún un láìbi dókítà.

Láàárín Ògbómọ̀ṣọ́ sí Ọ̀yọ́ ni gbogbo nǹkan ti fẹ́ dàrú. Ọkọ̀ akẹ́rù méjì dí ọ̀nà, oòrùn oṣù kẹta ti mú, ẹ́síì ọkọ̀ sì ṣíwọ́ títutù. Nínú ooru yẹn ni Bọ̀dá bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ ilẹ̀. Mo ti ń ṣí ẹnu láti fèsì nígbà tí mo gbọ́ mímí ajá: ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, ahọ́n rẹ̀ yọ gbọọrọ, èrìgì rẹ̀ pọ́n. Mo wọn ìgbóná ara rẹ̀, ó jẹ́ 40.3 lórí ìwọ̀n Celsius. Ara ajá tó dá a máa ń wà láàárín 38.3 sí 39.2. Bó bá kọjá 40 nínú ooru, ẹ gbọ́dọ̀ mú un balẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Bó bá ń sún mọ́ 41, ẹ̀mí rẹ̀ wà nínú ewu, kí ẹ máa rọ omi sí i lára bí ẹ ṣe ń sáré lọ bá dókítà.

A gbé e sábẹ́ igi. Mo da omi sí ikùn rẹ̀, abẹ́ apá rẹ̀, itan rẹ̀ àti àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀, mo sì ń fi páálí fẹ́ ẹ. Fífẹ́ yẹn ṣe pàtàkì bí omi fúnra rẹ̀, nítorí atẹ́gùn ló ń gbé ooru lọ. Ẹ má fi tòwẹ́ẹ̀lì tútù bò ó kí ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ṣe ló máa há ooru mọ́ ọn lára. Ẹ má sì fi tipátipá rọ omi sí i lẹ́nu, ẹ gbé abọ́ síwájú rẹ̀ kó lá a fúnra rẹ̀.

Ẹnu Bọ̀dá ò tíì dákẹ́. Mo tẹ Màmá láago, mo ní kí wọ́n bá mi sọ̀rọ̀ sí ẹ̀gbọ́n mi létí. Màmá ò bá wọn wí. Oríkì ni wọ́n kì. Wọ́n pè wọ́n ní Àkàndé, wọ́n kì wọ́n dé orí bàbá bàbá wọn, wọ́n wá ní, "Ajá bàbá rẹ wà lọ́wọ́ rẹ." Bọ̀dá gbé fóònù fún mi. Wọ́n mú kẹ́ẹ̀gì tó ti ṣófo, wọ́n rìn wọ inú abà kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, wọ́n sì gbé omi dé. Wọn ò bẹ̀ mí, mi ò sì retí rẹ̀. Ẹ má retí ẹ̀bẹ̀ lẹ́nu ẹ̀gbọ́n lójú ọ̀nà. Bó bá ti pọn omi wá, ẹ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ dúpẹ́, kí ẹ má dárúkọ ìjà.

Nígbà tí ara rẹ̀ wá sí 39.4 ni mo dá omi dúró, kó má baà tutù jù. Ìwé dókítà ní bí ooru bá mú un bẹ́ẹ̀, kó má rìn mọ́ lọ́sàn-án ọjọ́ náà ju ibi tí dókítà mìíràn wà lọ. Ìdí nìyí tó fi yẹ kí ẹ ti ní ibi àsùn àti ibi ìtọ́jú lọ́kàn kí ẹ tó kúrò nílé. Tiwa, Ìbàdàn ni: ilé ìwòsàn ẹranko ti Yunifásítì Ìbàdàn wà níbẹ̀, ẹ̀gbọ́n Màmá sì ń gbé ní Bódìjà. Bọ̀dá bínú pé Èkó kò jìnnà mọ́. Lóòótọ́, láti Ìbàdàn, nǹkan bí kìlómítà 127 ló kù. Ṣùgbọ́n kìlómítà 127 nínú oòrùn, láìsí ẹ́síì, pẹ̀lú ìdíwọ́ ọkọ̀ ní Mowé àti Ìbàfò, ajá yẹn ò lè rìn ín. A sùn sí Bódìjà.

Ìdájí kejì rọrùn. A ti kọjá Bẹ́gà kí oòrùn tó mú. Níwájú ilé ní Ṣómólú, ẹ má jẹ́ kí ayọ̀ ilé gbé ajá wọlé lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ mú un síbi tí yóò ti tọ̀, ẹ fún un lómi, ẹ jẹ́ kó dúró kí ẹsẹ̀ rẹ̀ lè rántí ilẹ̀. Bàbá dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń fọwọ́ wá férémù ilẹ̀kùn, wọ́n sì pè é. Kò lè sáré mọ́. Ó rìn lọ bá wọn, ó fi orí ti orúnkún wọn.

Bọ̀dá ò jẹun. Wọ́n ní àwọn ń padà lọ́jọ́ náà, wọ́n sì padà. Kí aago mẹ́fà tó lù láàárọ̀ ọjọ́ kejì, fóònù mi dún.

"Ṣé ó ti tọ̀?"

"Ó ti tọ̀, Bọ̀dá mi."

"Ẹ̀ẹ̀mélòó?"