Bí A Ṣe Ń Ṣe Ìkànnì Tí Ọmọdé Lè Fi Kọ́ Yorùbá Kíkà

Ẹ kọ́kọ́ pinnu ọjọ́ orí àwọn ọmọ tí yóò lo ìkànnì náà, nítorí ọmọ ọdún 6 ṣì ń fi ìka tọ́ lẹ́tà kọ̀ọ̀kan kí ó tó pè é, nígbà tí ọmọ ọdún 13 yóò pa á tì ní kété tí ó bá rí àwòrán tí ó jọ ti àbúrò rẹ̀. Àwọn ọmọ ọdún 6 sí 9 ni mo ní lọ́kàn níhìn-ín, ìbáà jẹ́ Ìbàdàn ni wọ́n ń gbé tàbí Lọ́ńdọ̀nù.

Lẹ́tà ni iṣẹ́ tí ó le jù. Nínú Unicode, ìyẹn ìlànà tí kọ̀ǹpútà àti fóònù fi ń tọ́jú lẹ́tà, "ẹ́" àti "ọ̀" kì í ṣe ẹyọ kan. Ńṣe ni a ń gbé àmì ohùn lé "ẹ" tàbí "ọ" lórí, fọ́ńtì (àkójọ àwòrán lẹ́tà) tí kò bá sì mọ̀ ọ́n gbé yóò ju àmì náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ tàbí kí ó fi àpótí òfìfo rọ́pò rẹ̀. Àgbàlagbà lè fo èyí dá, ṣùgbọ́n kí ni ọmọ tí ó ń kọ́ ìyàtọ̀ àárín ọkọ, ọkọ́ àti ọkọ̀ yóò wò? Ẹ gbé fọ́ńtì bíi Noto Sans sórí ìkànnì fúnra rẹ̀, kí ẹ sì jẹ́ kí àárín ìlà fẹ̀ dáadáa. Bí ọmọ yóò bá tẹ ìdáhùn, ẹ rántí pé fóònù kan lè kọ "ẹ" kí ó tó fi àmì ohùn sí i, kí òmíràn kọ "è" kí ó tó fi àmì sí i nísàlẹ̀. Ojú kò lè rí ìyàtọ̀, síbẹ̀ ètò yóò ní ọmọ náà ṣì í. Ẹ fi NFC, ọ̀nà Unicode tí ó ń mú kí irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ ní ìkọsílẹ̀ kan ṣoṣo, sọ méjèèjì di ọ̀kan kí ẹ tó fi wọ́n wéra.

Bọ́tìnnì kò gbọdọ̀ kéré ju píksẹ́lì 44 (ẹyọ tí a fi ń wọn nǹkan lójú fóònù) ní ìbú àti òró. Ẹ jẹ́ kí ohùn ènìyàn ka ọ̀rọ̀ nígbà tí ọmọ bá tẹ̀ ẹ́ nìkan, nítorí dátà òbí ni ó ń lọ.

Ní ti ààbò, Òfin Ààbò Détà Nàìjíríà ti ọdún 2023 ka ìyọ̀ǹda òbí tàbí alágbàtọ́ sí, òfin Amẹ́ríkà náà kò sì gbà kí a gba ìsọfúnni ọmọ tí kò tíì pé ọdún 13 láìjẹ́ pé òbí fọwọ́ sí i. Ní tèmi, kí ẹ má gba nǹkan kan ni ó rọrùn jù: ẹ jẹ́ kí ibi tí ọmọ kàwé dé wà nínú fóònù náà.

Lẹ́yìn èyí, ẹ gbé fóònù olówó pọ́ọ́kú fún ọmọ mẹ́rin tàbí márùn-ún, kí ẹ sì dákẹ́ (òbí tí ó wà nítòsí ni ó ṣòro jù láti pa lẹ́nu mọ́). Ibikíbi tí ọmọ bá ti gbójú sókè wò yín ni ẹ óò tún ṣe.