Bí Ọ̀dọ́ Ṣe Lè Wọ Àárín Àwọn Oníṣẹ́ Ọnà àti Olórin Èkó tí Rédíò Kì í Dárúkọ

Ọ̀dọ́ tó ń gbé Èkó, tí orin tí ó ń gbọ́ kò sì ju èyí tí ó ń dún nínú dánfó àti ní òde ìnáwó lọ, lè rò pé orin kan náà ni gbogbo ìlú ń jó sí. Ṣùgbọ́n nínú ìlú kan náà ni àwọn ẹgbẹ́ kéékèèké ti ń fọn sáksófóònù di ọ̀gànjọ́, tí àwọn ayàwòrán ti ń pàtẹ iṣẹ́ wọn sí yàrá kan ṣoṣo lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, tí àwọn akéwì ti ń ké ewì níwájú èèyàn tí kò pé ogún, tí àwọn tó ń pe ara wọn ní alté sì ti ń po orin, aṣọ àti fídíò pọ̀ bí ó ṣe wù wọ́n. Lónìí, ọ̀pọ̀ èèyàn mọ orúkọ bíi Odunsi, Lady Donli àti Cruel Santino nínú àwọn alté yìí, àmọ́ àwọn ọ̀dọ́ ẹlẹgbẹ́ wọn ni ó kọ́kọ́ ń gbọ́ wọn lórí íntánẹ́ẹ̀tì kí àwọn àgbà ilé iṣẹ́ orin tó yíjú sí wọn.

Ẹni tí owó rẹ̀ kò pọ̀, tí kò mọ ẹnikẹ́ni níbẹ̀, tí ó sì fẹ́ wọlé, ni mo kọ àlàyé yìí fún. Lójú tèmi, ohun méjì ni ó ń ṣílẹ̀kùn: kí èèyàn máa padà lọ síbì kan náà, kí ó sì wúlò fún àwọn tó bá níbẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kìn-ín-ní: Fi etí sílẹ̀ kí o tó jáde

Ẹni tó bá ti gbọ́ àpàlà Haruna Ishola àti sákárà Yusuf Olatunji, tí ó sì ti fara balẹ̀ tẹ̀ lé ìlù Tony Allen lẹ́yìn orin Fẹlá, yóò tètè mọ ohun tí ọ̀dọ́ olórin kan jogún àti ohun tí ó fi ti ara rẹ̀ kún un. Bí Terry Apala bá ń kọ orin rẹ̀, fún àpẹẹrẹ, ẹni tí kò mọ àpàlà yóò gbádùn rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó mọ̀ ọ́n yóò rẹ́rìn-ín sí ibi tí ọmọkùnrin náà ti yà kúrò lọ́nà àwọn baba. Bí ọ̀nà rẹ bá gba Awolowo Road ní Ìkòyí, yà sí Jazzhole, ilé ìtàwé àti rẹ́kọ́ọ̀dù tó ti wà níbẹ̀ tipẹ́, tó sì tún gbé orin Fatai Rolling Dollar jáde nígbà tí ọ̀pọ̀ ti gbàgbé bàbá náà. Kò pọn dandan kí o ra nǹkan ní ọjọ́ àkọ́kọ́. Béèrè orúkọ ẹni tó ń kọrin nínú ẹ̀rọ wọn, kí o sì kọ ọ́ sílẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kejì: Yan àgbègbè kan tí owó ọkọ̀ rẹ̀ kò ní dá ọ padà

Má ṣe lépa gbogbo ìlú lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn ojú ewé Instagram tó ń kéde òde ní Èkó pọ̀, bí o bá sì ń sáré tẹ̀ lé gbogbo wọn, wàá rí òde púpọ̀, ẹnikẹ́ni kò sì ní mọ̀ ọ́ níbì kankan.

Ó ti rọrùn fún ẹni tó ń gbé apá Mile 2, Festac tàbí Ọ̀jọ́ láti oṣù Kẹsàn-án ọdún 2023, tí ọkọ̀ ojú irin Blue Line ti bẹ̀rẹ̀ sí gbé èrò. Ó ń dúró ní ibùdókọ̀ National Theatre ní Igánmú, nítòsí ilé ńlá tí wọ́n lò fún FESTAC '77, àjọ̀dún iṣẹ́ ọnà àti àṣà àwọn aláwọ̀ dúdú, ilé tí ìjọba fi orúkọ Wọlé Ṣóyínká sọ ní ọdún 2024, ó sì ń parí ìrìn rẹ̀ ní Marina. Láti Marina, ẹsẹ̀ ni o lè fi rìn dé Freedom Park ní Broad Street. Ọgbà ẹ̀wọ̀n ni ibẹ̀ láyé ìjọba amúnisìn. Ní ọdún 2010, nígbà tí Nàìjíríà ń ṣe àjọ̀dún òmìnira ọdún 50, ni wọ́n sọ ọ́ di ọgbà ìgbafẹ́ àti ibi eré gẹ́gẹ́ bí ayàwòrán-ilé Theo Lawson ṣe là á kalẹ̀. Bí wọ́n bá ní kí n yan ibì kan ṣoṣo fún ẹni tí kò dé irú rẹ̀ rí, ibẹ̀ ni mo máa yàn, nítorí pé ìtàgé, gálárì àti ibi oúnjẹ wà nínú ọgbà kan náà, tí ẹni tí ojú ń tì sì lè jókòó ti ọtí ẹlẹ́rìndòdò kan fún wákàtí kan láìsí ẹni tí yóò bi í pé kí ló ń wá. Láti ibẹ̀ sí Oníkan kò jìnnà. Ilé Ìṣẹ̀ǹbáyé, tí wọ́n ṣí ní ọdún 1957, wà níbẹ̀, John Randle Centre tó dá lórí àṣà Yorùbá wà nítòsí rẹ̀, MUSON náà sì wà níbẹ̀, níbi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ orin ti ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ orin tí a kọ nótì rẹ̀ sílẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ kan kì í ka MUSON mọ́ irú ibi tí mò ń sọ yìí nítorí kóòtù àti táì tí àwọn òǹwòran ibẹ̀ ń wọ̀. N kò gbà pẹ̀lú wọn: orin Fela Sowande (kì í ṣe Fẹlá ti Shrine) àti Ayọ̀ Bánkọ́lé, tí wọ́n ń kọ nótì orin wọn sílẹ̀, jìnnà sí rédíò òde òní bí ti alté ṣe jìnnà sí i, bí kò bá tilẹ̀ jù ú lọ.

Ẹni tó ń bọ̀ láti Agbádó, Agége tàbí Ìkẹjà lè wọ ọkọ̀ ojú irin Red Line, kí ó sọ̀ ní Yábà. Ní agbègbè yìí ni Bisi Silva, olùṣètò ìpàtẹ iṣẹ́ ọnà tó kú ní ọdún 2019, ti dá Centre for Contemporary Art sílẹ̀ ní ọdún 2007, tí ó sì kó ìwé lórí iṣẹ́ ọnà jọ sí i lọ́nà tó ṣọ̀wọ́n nílẹ̀ wa. Yábà náà ni YabaTech wà, níbi tí Yusuf Grillo, ayàwòrán olókìkí, ti kọ́ni fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ìpàtẹ iṣẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó fẹ́ jáde níbẹ̀ jẹ́ ibi tí o ti lè bá ayàwòrán sọ̀rọ̀ kí àwòrán rẹ̀ tó gbówó lórí. Gálárì Olóyè Nike Okundaye ní Lẹ́kkí kì í gba owó ìwọlé, ó sì kún fún àwòrán láti ìsàlẹ̀ dé òkè, ṣùgbọ́n owó ọkọ̀ kì í jẹ́ kí àwọn ará òkè odò máa lọ síbẹ̀ léraléra. Fi í sí ọjọ́ ìsinmi kan.

Ní ti àkókò, má ṣe bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kejìlá. Àwọn ará òkè òkun ti dé nígbà náà, owó ohun gbogbo ti fò sókè, àwọn tí o fẹ́ bá sọ̀rọ̀ kò sì ní ráyè. Felabration, àjọ̀dún ìrántí Fẹlá ní oṣù Kẹwàá, tí ó máa ń bọ́ sí ìgbà ọjọ́ ìbí Fẹlá, 15 oṣù Kẹwàá, àti Art X Lagos, ìpàtẹ iṣẹ́ ọnà ńlá ní oṣù Kọkànlá, dára fún ẹni tí ojú rẹ̀ ti là díẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Dé ṣáájú orin, kí o sì padà lẹ́yìn ìpàtẹ

Ní ti orin, ìdánrawò ni kí o wá lọ. New Afrika Shrine, ilé orin ní Agídíngbì tí Fẹ́mi Kuti àti Yẹni Kuti, àwọn ọmọ Fẹlá, ṣí ní ọdún 2000, ti di olókìkí fún ìdánrawò tí Fẹ́mi ń ṣe ní gbangba lálẹ́ Ọjọ́bọ̀. Kọ́kọ́ béèrè kí o tó wọkọ̀, nítorí pé bí ẹgbẹ́ náà bá wà ní òkè òkun, kò sí ìdánrawò. Níbi ìdánrawò ni wàá ti rí bí olórí ẹgbẹ́ ṣe ń dá àwọn afọnfèrè dúró, tí ó ń ní kí wọ́n tún ẹsẹ orin kan ṣe títí tí yóò fi tẹ́ ẹ lọ́rùn, tí yóò sì kọjú sí onílù láti sọ pé ó ń sáré jù. Ẹni tó bá rí èyí kò tún ní gbọ́ orin náà bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Bí kò bá sí ìdánrawò ní gbangba, dé ibi eré ní wákàtí méjì ṣáájú, nígbà tí wọ́n ń dán máíkì wò. Ìgbà yẹn ni ọ̀pọ̀ olórin ń jókòó láìríṣẹ́ ṣe, tí wọ́n sì máa ń dáhùn ìbéèrè.

Bí ti ìpàtẹ àwòrán ṣe rí kọ́ nìyẹn. Ọjọ́ ìṣílé ìpàtẹ ni èrò ń pọ̀, tí wọ́n ń pín wáìnì, tí àwọn olówó sì ń yí ayàwòrán ká. Lọ ní ọjọ́ náà bí ó bá wù ọ́, ṣùgbọ́n padà wá lọ́sàn-án Ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó tẹ̀ lé e, nígbà tí ẹni tó ń ṣọ́ gálárì nìkan wà níbẹ̀. Dúró ti àwòrán kan pẹ́, kí o wá bi í ní ìbéèrè nípa ohun tí o rí: irú ọ̀dà wo ni, kí nìdí tí aṣọ fi wà lábẹ́ ọ̀dà náà, ta ni ó kọ́ ayàwòrán náà níṣẹ́. Ìbéèrè bẹ́ẹ̀ máa ń bí ìtàn. Àwọn tó bá kọ́kọ́ béèrè iye owó ni wọ́n máa ń tètè fún ní ìwé ìtajà, kí wọ́n sì gbàgbé wọn.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Wá iṣẹ́ ṣe níbẹ̀

Ìgbésẹ̀ yìí ni mo kà sí jù lọ, ìtàn ilẹ̀ wa ló sì jẹ́ kí n kà á sí bẹ́ẹ̀. Nígbà tí Dúró Ládiípọ̀, olórí ẹgbẹ́ eré orí ìtàgé, sọ ibi ìmutí rẹ̀ ní Òṣogbo di Mbari Mbayo, ibi ìpàdé àwọn oníṣẹ́ ọnà, ní ọdún 1962, àwọn tó kóra jọ síbẹ̀ kì í ṣe ọmọ ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọnà. Jimoh Buraimoh ni ó ń bójú tó iná fún ẹgbẹ́ eré Ládiípọ̀. Múráínà Oyèlàmí àti Rufus Ògúndélé jẹ́ òṣèré nínú ẹgbẹ́ náà. Twins Seven-Seven sì jẹ́ oníjó tó ń tẹ̀ lé ẹni tó ń ta oògùn kiri kí ó tó jó wọ àárín wọn. Nígbà tí Ulli Beier àti Georgina Beier ṣètò ibi tí wọ́n ti ń fi ọ̀dà àti pákó dánra wò, àwọn tó ti wà ní àrọ́wọ́tó ni wọ́n fún ní búrọ́ọ̀ṣì. Lára wọn ni orúkọ Òṣogbo ti kàn dé gbogbo ayé. Adébísí Àkànjí pẹ̀lú, tí iṣẹ́ rẹ̀ wà nínú igbó Ọ̀ṣun, bíríkìlà ni kí ó tó di ẹni tó ń fi sìmẹ́ńtì mọ ère lọ́dọ̀ Susanne Wenger, oníṣẹ́ ọnà ará Austria.

Nítorí náà, má ṣe jókòó bí òǹwòran títí. Ní ìgbà kẹta tàbí ìkẹrin tí o bá dé ibì kan, kí ẹni tó ń ṣe kòkárí, pẹ̀lú ọ̀wọ̀: «Ẹ kú iṣẹ́, sà. Mo máa ń wá síbí. Bí ẹ bá nílò ẹni tí yóò ran yín lọ́wọ́ ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, mo wà lárọ̀ọ́wọ́tó.» Iṣẹ́ kò wọ́n: wáyà kíká, àga títò, owó gbígbà lẹ́nu ọ̀nà, fídíò gígé. Bí o bá mọ Yorùbá kọ dáadáa, pẹ̀lú àmì ohùn, ohun tí ọ̀pọ̀ gálárì kò ní ni o mú wá yẹn, nítorí pé Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni wọ́n fi ń kọ àlàyé sí ẹ̀gbẹ́ àwòrán tí ayàwòrán rẹ̀ fi Yorùbá ronú.

Síbẹ̀, fi ààlà sí i. Sọ iye ọjọ́ tí o lè ṣiṣẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́. Bí wọ́n bá tún fẹ́ lò ọ́ lẹ́yìn náà, kí wọ́n san owó ọkọ̀ àti oúnjẹ, ó kéré tán. Ẹnikẹ́ni tó bá ní kí o wá dánra wò nílé òun lóru, ìwọ nìkan, má ṣe dá a lóhùn, ìbáà jẹ́ pé ó lókìkí.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Owó, fọ́tò àti àpò ẹlòmíràn

Bí o kò bá lè ra àwòrán, ra káàdì tàbí àtẹ̀jáde kékeré rẹ̀. Bí orin bá dùn mọ́ ọ, fi owó ránṣẹ́ sí àkáǹtì olórin náà tàbí kí o fi lé e lọ́wọ́. Náírà fífọ́n lé olórin lórí jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ lábẹ́ òfin Báńkì Àpapọ̀ ti ọdún 2007, wọ́n sì ti fi èyí rán èèyàn lẹ́wọ̀n. Gba àṣẹ kí o tó ya àwòrán tí wọ́n gbé kọ́, bí o bá sì gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì, kọ orúkọ ẹni tó yà á. Igbó mímu lòdì sí òfin Nàìjíríà, nítorí náà, níbi tí èéfín rẹ̀ bá ti ń rú, má ṣe bá ẹnikẹ́ni tí o kò mọ̀ di báàgì mú.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: Jẹ́ kí ilé mọ̀, kí o sì mọ bí o ṣe máa délé

Ọkọ̀ ojú irin kì í ṣiṣẹ́ mọ́jú. Kí o tó jáde, mọ ẹni tí ẹ jọ máa padà tàbí ilé ọ̀rẹ́ tí o lè sùn sí, kí o sì sọ orúkọ ibẹ̀ fún ẹnì kan nílé. Ní ti òbí tó bá gbọ́ Shrine, tó sì figbe ta, mo mọ ọgbọ́n kan tó ń ṣiṣẹ́: kọ́kọ́ mú un lọ sí Kalakuta Museum ní Ìkẹjà lọ́sàn-án, ilé ìkẹyìn tí Fẹlá gbé, níbi tí wọ́n sin ín sí. Ọ̀pọ̀ ìyá àti bàbá mọ orin Fẹlá ju àwọn ọmọ wọn lọ, tí wọ́n bá sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ìtàn, ìwọ ni wàá jókòó kọ ọ́ sílẹ̀.

Ìgbésẹ̀ keje: Kúrò ní Èkó fún ọjọ́ méjì

Òṣogbo ni kí o lọ, àmọ́ kì í ṣe ní ìgbà ọdún Ọ̀ṣun ní oṣù Kẹjọ, nítorí pé èrò kì í jẹ́ kí a rí ère kankan dáadáa nígbà náà. Lọ ní ọjọ́ lásán. Rìn nínú igbó Ọ̀ṣun, tí UNESCO kà mọ́ ogún àgbáyé ní ọdún 2005, pẹ̀lú ẹni tó ń mú àlejò rìn níbẹ̀; má ṣe ya ẹni tó ń bọ Ọ̀ṣun ní fọ́tò láìgba àṣẹ. Lẹ́yìn náà, lọ sí ibi iṣẹ́ tí Nike Okundaye dá sílẹ̀ ní ìlú náà ní ọdún 1983, níbi tí ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ti kọ́ àdìrẹ àti bàtíìkì láìsan owó, kí o sì bi wọ́n bóyá àlejò lè fi abẹ́rẹ́ tàbí ìda ṣe aṣọ kan fúnra rẹ̀. Bí wọ́n bá gbà, mú aṣọ funfun dání. Aró kì í tètè kúrò lọ́wọ́, nítorí náà, má ṣe lọ ní ọjọ́ tó ṣáájú ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò iṣẹ́.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: Pe àwọn èèyàn wá

Bí o bá ti di ojúlùmọ̀ olórin méjì àti ayàwòrán kan, ìwọ náà lè ṣètò òde kékeré. Yàrá ìgbàlejò tàbí àgbàlá tó gba èèyàn 15 tó. Jẹ́ kí onígìtá kan kọrin láìlo ẹ̀rọ, kí ayàwòrán gbé àwòrán mẹ́ta kọ́, kí ó sì sọ̀rọ̀ lórí ọ̀kan péré. Bẹ̀rẹ̀ ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ kí gbogbo èèyàn lè délé kí ilẹ̀ tó ṣú jù, sọ fún àwọn aládùúgbò ní ọjọ́ méjì ṣáájú, kí o sì jẹ́ kí ó hàn sí àwọn àlejò pé inú abọ́ tó wà lẹ́nu ọ̀nà ni owó olórin ń lọ. Kà á níṣojú olórin náà kí ó tó lọ, gbé e fún un ní odindi, kí o sì gba nọ́ńbà ẹnikẹ́ni tó bá béèrè ìgbà tí òmíràn yóò wáyé.