Bí mo ṣe ń di ètò orí kọ̀ǹpútà pọ̀ mọ́ iṣẹ́ Maven

Ètò táwọn oníṣirò owó wa ń lò lórí Windows ni mo ń bójú tó. Java la fi kọ ọ́. N kì í gbé jar lásán, ìyẹn fáìlì tí a ń di ètò Java sí, fún ẹnikẹ́ni mọ́. Ẹni tí kò ní Java lórí kọ̀ǹpútà rẹ̀ á pè ọ́ ní kùtùkùtù!

jpackage, irinṣẹ́ tó ń di ètò pọ̀ pẹ̀lú Java tó nílò, ni kí o lò. Ó ti wà nínú JDK (àpò irinṣẹ́ àwọn tó ń fi Java kọ ètò) ní kíkún láti ẹ̀dà 16 lọ́dún 2021. Jẹ́ kí Maven, irinṣẹ́ tí a fi ń to ètò Java pọ̀, kó gbogbo jar sójú kan, kí o wá pàṣẹ:

jpackage --type msi --name Kaunta --input target/libs --main-jar kaunta.jar --app-version 2.4.1

Orí Windows nìkan lo ti lè ṣe msi, ìyẹn fáìlì tí a fi ń gbé ètò sórí Windows. WiX, irinṣẹ́ tí jpackage fi ń ṣe msi, sì gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Linux ni sáfà (server) wa. Ọjọ́ méjì ni mo fi bá a jà kí n tó gbà pé kò lè ṣe é.

Ibi tó le jù ni --win-upgrade-uuid, àmì ìdánimọ̀ tí Windows fi ń mọ̀ pé ẹ̀dà tuntun ló fẹ́ rọ́pò ti àtijọ́. Bí o kò bá kọ ọ́, jpackage á fi orúkọ ètò àti ti ilé-iṣẹ́ ṣẹ̀dá rẹ̀ fúnra rẹ̀. Mo yí orúkọ padà lẹ́ẹ̀kan, ni àtijọ́ àti tuntun bá jọ jókòó sórí kọ̀ǹpútà kan náà, táwọn èèyàn ń tẹ èyí tó ti gbó. Yan ọ̀kan, kọ ọ́ sínú pom (fáìlì ètò iṣẹ́ Maven), má fọwọ́ kàn án mọ́.