Bí rọ́tà onísímù bá ń lọ́ra nílé yín ní Ìlú Ọba

Ọ̀pọ̀ wa tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Ìlú Ọba, yàrá la máa ń háyà, kì í sì í ṣe gbogbo onílé ló ń gbà kí a fa wáyà íntánẹ́ẹ̀tì wọlé. Rọ́tà 4G tàbí 5G tó ń lo símù ló kù. Bó bá ń lọ́ra, ẹ má tíì bá ilé iṣẹ́ nẹ́tíwọọ̀kì yín jà. Ẹ má sì gbára lé iná tó ń tàn lójú rẹ̀, kì í sọ òótọ́ tán.

Ẹ so fóònù mọ́ Wi-Fi rọ́tà náà, kí ẹ tẹ 192.168.1.1 tàbí 192.168.8.1 sínú bíráósà. Èyí tó jẹ́ tiyín wà lára lébẹ́ẹ̀lì ìdí rẹ̀, pẹ̀lú páásíwọ́ọ̀dù. Ẹ wá ibi tí wọ́n kọ RSRP àti SINR sí. RSRP ni agbára tí nẹ́tíwọọ̀kì fi ń dé ọ̀dọ̀ yín. Àmì ayọkúrò máa ń wà níwájú rẹ̀, bó bá ṣe sún mọ́ òdo ló ṣe dára tó: -80 dára gan-an, -100 ṣì ṣeé fara dà, -115 ti di wàhálà. SINR ló ń sọ bí ìgbì àwọn òpó nẹ́tíwọọ̀kì mìíràn, tí à ń pè ní ariwo, ṣe ń dí i lọ́wọ́ tó. Bó bá lé ní 20, ẹ dúpẹ́. Bó bá wà nítòsí òdo, ńṣe ni fídíò á máa fà bí ìgbín. SINR yìí lèmi máa ń wò jù, torí agbára tí ariwo bò mọ́lẹ̀ kò wúlò fún ẹnikẹ́ni.

Ẹ wá gbé rọ́tà kúrò lẹ́yìn tẹlifíṣọ̀n, ẹ gbé e sójú fèrèsé, lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì bó bá ṣeé ṣe. Ẹ ní sùúrù ìṣẹ́jú díẹ̀, ẹ wo nọ́ńbà méjèèjì, kí ẹ tó gbé e lọ sí fèrèsé mìíràn. Bíríkì ilé àtijọ́ níbí nípọn, gíláàsì ìgbàlódé tí wọ́n fi irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bò nítorí òtútù náà sì máa ń dí nẹ́tíwọọ̀kì lọ́nà.

Bí rọ́tà yín bá gbà kí ẹ yan band, ìyẹn ìgbì rédíò tí nẹ́tíwọọ̀kì ń gbà wá, ẹ dán wọn wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Band 20, ìyẹn 800 MHz, máa ń rìn jìnnà, ó sì máa ń wọnú ilé dáadáa, ṣùgbọ́n Band 3 tó jẹ́ 1800 MHz sábà máa ń yára jù ú lọ. Alẹ́ ni kí ẹ dán an wò, nígbà tí àdúgbò bá ti ti ibi iṣẹ́ dé.

Ẹ ṣọ́ra fún ẹ̀rọ tó ń fi kún agbára nẹ́tíwọọ̀kì tí wọ́n ń tà káàkiri. Èyí tí kò bá òfin Ofcom, àjọ tó ń bójú tó ètò ìbánisọ̀rọ̀ níbí, mu lè kó yín sí ìjọ̀gbọ̀n. Áńténà tí wáyà rẹ̀ wọnú rọ́tà fúnra rẹ̀ kò sí lára ìyẹn.

Bó bá jẹ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì lẹ ti ra rọ́tà náà, òfin fún yín ní ọjọ́ 14 láti yí ọkàn padà, nítorí náà ẹ bẹ̀rẹ̀ àyẹ̀wò yìí lọ́jọ́ tó bá dé gan-an.