Alùpùpù Tí Kò Ní Ìjókòó: Bí Ẹ Ṣe Lè Bẹ̀rẹ̀ Trials

Bí ẹ bá ti gun ọ̀kadà rí, ohun tí ọ̀kadà kọ́ yín ló máa kọ́kọ́ yọ yín lẹ́nu lórí alùpùpù trials. Ẹ ó wá ìjókòó, ẹ ò ní rí i. Ẹsẹ̀ yín á máa sáré kanlẹ̀, bẹ́ẹ̀ ẹsẹ̀ tó kanlẹ̀ gan-an ni wọ́n fi ń gbámì ìjìyà nínú eré yìí. Ẹ ó fẹ́ sáré, kò sì sẹ́ni tó ń lé yín.

Trials kì í ṣe eré ìje. Àwọn tó ṣètò rẹ̀ á wá ibi tó le, inú odò, orí òkúta, àárín gbòǹgbò igi, wọ́n á fi àsíá kékeré sàmì sí i, pupa lọ́wọ́ ọ̀tún, búlúù lọ́wọ́ òsì. Àárín wọn ni ẹ ó gbà. Bí ẹ bá fẹsẹ̀ kanlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, àmì 1, ẹ̀ẹ̀mejì, 2, ẹ̀ẹ̀mẹta sókè, 3 náà ni. Bí ẹ bá ṣubú tàbí ẹ jáde kúrò láàárín àsíá, 5. Ní ọ̀pọ̀ ìdíje ẹgbẹ́ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kí ẹ ṣáà dúró sójú kan pàápàá, 5 ni. Ẹni tí àmì rẹ̀ kéré jù ló borí.

Iṣẹ́ títún ọ̀kadà ṣe ni mo kọ́ ní Ògbómọ̀ṣọ́ kí n tó kó wá sí Bradford nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí mo ti ń tún bọ́ọ̀sì ṣe báyìí. Agbègbè Yorkshire yìí ti mọ eré náà láti ọjọ́ pípẹ́. Ní 1914, Alfred Angas Scott, ẹni tó ń ṣe alùpùpù Scott ní Shipley tí kò jìnnà sí wa, pe àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ níjà pé kí wọ́n gun máṣíìnì gba orí òkè. Wọ́n ṣì ń ṣe Scott Trial yẹn dòní, àmọ́ wọ́n máa ń ka aago mọ́ àmì níbẹ̀, nítorí náà kì í ṣe fún ẹni tó ń kọ́ṣẹ́. Silsden nítòsí wa níbí ni Dougie Lampkin ti wá, òun tó gba ife àgbáyé lọ́dọọdún láti 1997 títí dé 2003.

Ẹ má ra tuntun; ẹ ó là á mọ́ òkúta. Ẹ wá èyí tí ẹlòmíràn ti lò, ì báà ṣe Beta, Montesa, Gas Gas tàbí Sherco, tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ jẹ́ 250 cc. Èyí tó jẹ́ 125 kò lágbára tó fún àgbàlagbà tó tóbi, 300 sì máa ń já gbà mọ́ ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kò tíì balẹ̀ lọ́wọ́. Kí ẹ tó sanwó, ẹ fọwọ́ kan ẹ́ńjìnnì. Tó bá ti gbóná kí ẹ tó dé, a jẹ́ pé ẹni tó ń tà á ti ta kíìkì rẹ̀ ṣáájú, ó sì lè jẹ́ pé kì í tètè gba kíìkì bó bá tutù. Ẹ gbé e lé nǹkan kí táyà ẹ̀yìn kúrò nílẹ̀, ẹ di táyà náà mú, ẹ mì ín sókè sódò. Bí ẹ bá gbọ́ kó-kó, béárìnì ti lọ, ẹ yọ owó rẹ̀ kúrò nínú ohun tí ẹ fẹ́ san. Ẹ wo eyín irin tí ṣéènì ń gbà lẹ́yìn bóyá ó ti yọrí ṣóńṣó. Ẹ bẹ̀rẹ̀, kí ẹ wo abẹ́ ẹ́ńjìnnì bóyá ọ́ílì ń jò lẹ́yìn irin pẹrẹsẹ tó ń dáàbò bò ó. Fún ọmọdé, OSET tó ń lo bátìrì tẹ́ mi lọ́rùn jù, torí kì í pariwo, aládùúgbò ò ní bínú.

Hẹ́límẹ́ẹ̀tì, ìbọ̀wọ́ àti bàtà gíga tó bo ọrùn ẹsẹ̀ kì í ṣe ohun àríyànjiyàn. Bẹ́ẹ̀ náà ni okùn tí a ń so mọ́ ọrùn ọwọ́, tó máa ń pa ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀ bí ẹ bá já bọ́. Ilẹ̀ onílẹ̀ ni ẹ ó sì máa lò pẹ̀lú àṣẹ onílẹ̀. Ojú ọ̀nà tí wọ́n là fún ẹlẹ́sẹ̀ nínú igbó, òfin ò gbà á.

Ó wá ku gígùn. Lọ́jọ́ kìíní, ẹ má tan ẹ́ńjìnnì rárá. Ẹ yí hándù sí òsì títí tí kò fi ní lọ mọ́, ẹ fi ìka kan di bíréèkì iwájú mú, kí ẹ sì dúró lórí ìtẹsẹ̀ méjèèjì. Kí orókún tẹ̀ díẹ̀, kí ìgbọ̀nwọ́ là síta, kí ojú wo ọ̀ọ́kán, kì í ṣe táyà. Bí alùpùpù bá ń tẹ̀ sí òsì, ẹsẹ̀ ọ̀tún ni kí ẹ fi agbára sí, ẹ má fi ọwọ́ fà á. Ẹ̀yìn ilé ni mo ti máa ń ṣe èyí kí oúnjẹ alẹ́ tó délẹ̀. Ìyàwó mi ní mo jọ lékèélékèé. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá lè dúró lórí rẹ̀ nígbà tí ẹ́ńjìnnì kú, kò sí ohun tí ẹ́ńjìnnì fẹ́ ṣe fún un.

Lẹ́yìn náà ni kílọ́ọ̀ṣì, ibẹ̀ sì ni iṣẹ́ wà. Ìka kan ṣoṣo lórí kílọ́ọ̀ṣì, ìka kan lórí bíréèkì, kí àwọn tó kù di hándù mú. Ẹ wọ jíà kìíní lórí pápá tó tẹ́jú, ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì máa dún jẹ́jẹ́, ẹ wá fi kílọ́ọ̀ṣì sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí ẹ ó fi gbọ́ ọ pé ó fẹ́ lọ. Ẹ dá a dúró síbẹ̀. Ẹ fi ẹsẹ̀ ọ̀tún kan bíréèkì ẹ̀yìn díẹ̀ kó máa fà á sẹ́yìn bí kílọ́ọ̀ṣì ṣe ń tì í síwájú. Ẹ sọdá pápá náà. Bí ẹ bá tètè dé òdì kejì, ẹ padà, ẹ tún un lọ, kí ó túbọ̀ lọ́ra.

Tí ìyẹn bá ti mọ́ yín lára, ẹ gbé ike méjì kalẹ̀, kí ẹ máa yí i ká ní àwòrán 8. Alùpùpù ló máa tẹ̀ sínú, ara yín á wà níta, ẹsẹ̀ tó wà níta ló máa gbé ìwọ̀n yín. Ẹ máa sún ike méjèèjì mọ́ra díẹ̀díẹ̀. Orí òkè rọrùn ju bí ojú ṣe ń rí i lọ: ẹ gba agbára nísàlẹ̀, kì í ṣe lójú òkè, kí ẹ sì tẹ̀ síwájú láti ìbàdí. Tí ẹ bá ń sọ̀ kalẹ̀, ẹ sún ìdí sẹ́yìn, jíà kìíní, kí ẹ má fi ìbẹ̀rù há bíréèkì iwájú.

Ìtì igi ni gbogbo èèyàn ń sáré láti dé. Ẹ wá èyí tí kò ga ju sẹ̀ǹtímítà 15 lọ, kí ẹ sì wá bá a tààrà, kì í ṣe láti ẹ̀gbẹ́. Nígbà tó bá ku díẹ̀, ẹ fi orókún tẹ iwájú mọ́lẹ̀. Bó ṣe ń fò padà sókè, ẹ sún ara sẹ́yìn, ẹ fún un lépo díẹ̀, kí kílọ́ọ̀ṣì jáde lọ́wọ́ yín. Iwájú á gbéra, táyà á sì bà sórí igi. Ẹ ti epo pa, kí ẹ sì dẹ orókún, torí táyà ẹ̀yìn ń bọ̀ wá kan igi náà. Ẹni tó bá le orókún nígbà yẹn, alùpùpù á gbé e sọ síwájú.

Ọ̀rọ̀ atẹ́gùn táyà máa ń ya àwọn tí a jọ kọ́ṣẹ́ nílé lẹ́nu. Nǹkan bíi 5 tàbí 6 psi níwájú, 4 lẹ́yìn. Bẹ́ẹ̀ ni, mẹ́rin. Táyà ní láti rọ̀ kó lè gbá òkúta mọ́ra. Géèjì ilé epo ò lè ka ìwọ̀n tó kéré báyìí dáadáa, nítorí náà ẹ ra èyí tí wọ́n ṣe fún un. Ẹ má jẹ́ kó lọ sílẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, torí èyí tó wà lẹ́yìn kì í sábà ní túùbù, ó lè yọ kúrò lára rímù.

Ti epo ńkọ́? Ọ̀pọ̀ wọn ń lo epo tí a pò mọ́ ọ́ílì, bíi jẹnẹrétọ̀ kékeré tí gbogbo wa mọ̀ nílé. Ẹ má fi òṣùwọ̀n ti jẹnẹrétọ̀ pò ó o, èéfín á bò yín, púlọ́ọ̀gì á dọ̀tí. Ẹ ka ìwé tó bá alùpùpù wá. Bó bá ní 80 sí 1, mìlílítà 62.5 ọ́ílì ló máa wọ lítà 5 pẹtiróòlù. Ti Montesa 4RT, ẹ kì í pò ọ́ílì mọ́ epo rẹ̀ rárá.

Lẹ́yìn gígùn kọ̀ọ̀kan, ẹ fọ̀ ọ́, àmọ́ ẹ kọ́kọ́ di ẹnu sàlẹ́ǹsà, kí ẹ má sì yin omi alágbára sí béárìnì tàbí ibi tí atẹ́gùn ń gbà wọlé. Asẹ́ atẹ́gùn, fóòmù ni. Ẹ fọ̀ ọ́, ẹ fún un láìlọ́ ọ, ẹ jẹ́ kó gbẹ, kí ẹ fi ọ́ílì tirẹ̀ pa á dọ́gba, kí ẹ sì fi gírísì sí etí ibi tó ti ń jókòó. Bí mo bá fẹ́ mọ irú ẹni tó ni alùpùpù, ibẹ̀ ni mo máa ń ṣí wò. Ẹ pààrọ̀ ọ́ílì jíà lóòrèkóòrè torí inú ọ́ílì kan náà ni kílọ́ọ̀ṣì ń wẹ̀. Ẹ fọwọ́ kan sípókì lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ fi sípánà yẹ nọ́ọ̀tù wò. Kílọ́ọ̀ṣì tó ń fi omi inú páìpù (hydraulic) ṣiṣẹ́, ẹ ka orí ìdérí rẹ̀ kí ẹ tó bù sí i: ọ́ílì mineral ni ti àwọn kan, omi bíréèkì DOT 4 ni ti òmíràn. Bí ẹ bá ṣi wọ́n pò, rọ́bà inú rẹ̀ á wú, á sì bàjẹ́.

Tí ẹ bá fẹ́ wọ ìdíje, ẹgbẹ́ tó wà lábẹ́ ACU, àjọ tó ń bójú tó eré alùpùpù nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, lè gba ìwé àṣẹ ọjọ́ kan fún yín. Ẹ yan ọ̀nà tó rọrùn jù. Ẹ fẹsẹ̀ rin ibẹ̀ kí ẹ tó gùn ún, kí ẹ sì dúró wo àwọn tó ṣáájú. Ẹsẹ̀ wọn ni kí ẹ wò. Ọ̀fẹ́ ni àwọn tó ń kọ àmì sílẹ̀ ń dúró nínú òjò látàárọ̀, ẹ kí wọn. Ẹ má wọlé títí wọ́n ó fi júwọ́ sí yín. Bí ibì kan bá sì bà yín lẹ́rù, ẹ sọ fún ẹni tó ń kọ àmì níbẹ̀ pé 5 ni ẹ fẹ́ gbà, á kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ ó sì gba ẹ̀gbẹ́ kọjá lọ sí ibi tó kàn.