Ẹ̀rọ amómigbóná onígáàsì mi kọ̀, kò tan: ohun tó yanjú rẹ̀

Tí ọyẹ́ bá mú ní Kàbbà, omi àárọ̀ kì í ṣe ohun tí à ń dà sára ọmọ kékeré. Ìdí tí mo fi ra ẹ̀rọ yìí nìyẹn. Lọ́jọ́ kan mo ṣí omi, n kò gbọ́ ìró “ta-ta-ta” tó máa ń ṣáájú iná.

Mo pààrọ̀ bátìrì méjèèjì, pàbó. Mo gbé sìlíńdà mìíràn sí i, kò tan.

Mo wá rí i pé omi tó ń gba inú rẹ̀ jáde ti rọ, bẹ́ẹ̀ tẹnu ẹ̀rọ ìta ń tú yàà. Agbára omi ló sì ń jẹ́ kó tan! Mo ti gáàsì àti omi pa, mo tú ibi tí omi ń gbà wọlé: asẹ́ kékeré ibẹ̀ ti kún fún iyanrìn bohóòlù. Mo fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín fọ̀ ọ́, mo dá a padà. Ó tan lẹ́ẹ̀kan náà. Ọlọ́run ṣeun.

Tí táǹkì omi yín kò bá ga, agbára omi lè kéré, fífọ asẹ́ nìkan lè má tó. Ẹ jọ̀ọ́, ìta ni kí ẹ gbé e kọ́, kì í ṣe inú balùwẹ̀. Gáàsì olóró tí iná rẹ̀ lè tú jáde (“carbon monoxide”, kì í ṣe gáàsì inú sìlíńdà) kò ní òórùn, ó sì ń pani.