Àṣìṣe tí àwọn olùkọ́ ọmọdé sábà máa ń ṣe ní ilé-ẹ̀kọ́ sínágọ́gù

Ní Amẹ́ríkà, ọ̀pọ̀ ọmọ Júù ló ń bá àwọn ọmọ àdúgbò lọ sí ilé-ìwé ìjọba láti ọjọ́ Ajé dé ọjọ́ Ẹtì. Ẹ̀kọ́ ẹ̀sìn wọn wá di ti àárọ̀ ọjọ́ Àìkú, pẹ̀lú ọ̀sán ọjọ́ kan láàrin ọ̀sẹ̀, nínú yàrá kan ní sínágọ́gù. Wákàtí díẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ lọ́sẹ̀. Ẹni tó ń kọ́ wọn lè jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì, ìyá ọmọ kan nínú ìjọ, tàbí olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, pẹ̀lú ọ̀dọ́ kan tí wọ́n ń pè ní madrich tó ń ràn án lọ́wọ́. Púpọ̀ nínú wọn mọ ẹ̀sìn náà, wọ́n sì fẹ́ràn ọmọdé. Ohun tó ń kó bá wọn ni ìkánjú: nítorí pé àkókò kéré, wọ́n ń wá ohun tí wọ́n á fi han òbí ní kíákíá, ohun tí ọmọ á fi sórí lọ sílé á sì pọ̀ ju ohun tó yé e lọ.

Ibi tí èyí ti hàn jù ni kíka Hébérù. Ẹni tó bá ti lọ ilé kéwú nílẹ̀ wa mọ irú ọmọ tó ń ka Lárúbáwá geere tí kò sì lè sọ ohun tó kà. Irú rẹ̀ pọ̀ ní sínágọ́gù, àmọ́ èyí tó burú jù ú lọ tún wà níbẹ̀: ọmọ tí kò tilẹ̀ kà á rárá. Olùkọ́ á fi lẹ́tà Gẹ̀ẹ́sì kọ ìró àdúrà sí abẹ́ Hébérù, kí ọmọ lè tètè bá ìjọ kọrin. Ọmọ á kọrin lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kò ní kúrò lára lẹ́tà tó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀, Hébérù tó wà lókè á sì di ọ̀ṣọ́ lásán. Bí ó bá fi máa di ọmọ ọdún mọ́kànlá, ìtìjú kò ní jẹ́ kó sọ pé òun kò mọ̀ ọ́n kà.

Bẹ́ẹ̀ sì rèé, kíkà náà kò le tó bí wọ́n ṣe ń rò. Lẹ́tà 22 ni, márùn-ún nínú wọn ló ń yí ìrísí padà bí wọ́n bá bọ́ sí ìparí ọ̀rọ̀. Apá ọ̀tún ni wọ́n ti ń kà á lọ sí apá òsì, àmì kéékèèké tó wà lábẹ́ lẹ́tà, lórí rẹ̀ tàbí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ló sì ń ṣiṣẹ́ fáwẹ̀lì. Ohun tó ń da ọmọ láàmú ni kí a kọ́ ọ ní lẹ́tà tó jọra lọ́jọ́ kan náà: Bet àti Kaf, He àti Het, Dalet àti Resh. Ẹ jẹ́ kí ọ̀kan rí ẹsẹ̀ walẹ̀ kí ẹ tó mú ìkejì wá. Nígbà tí ẹ bá sì máa mú Resh wá, ẹ fi Ṣemá hàn wọ́n, àdúrà tí ọmọ Júù sábà máa ń kọ́kọ́ mọ̀ sórí. Dalet tó parí ọ̀rọ̀ tó ń sọ pé Ọlọ́run jẹ́ ọ̀kan, gàdàgbà ni akọ̀wé máa ń kọ ọ́ sínú àkájọ Tórà, ìyẹn ìwé Mósè márààrún. Àwọn amòye àtijọ́ kìlọ̀ pé bí ènìyàn bá fi Resh pààrọ̀ rẹ̀, ó ti sọ Ọlọ́run kan ṣoṣo di ọlọ́run mìíràn nìyẹn. Ọmọ tó bá gbọ́ èyí kò ní fojú kékeré wo igun lẹ́tà mọ́.

Àbúrò àṣìṣe yẹn ni ti ohùn tí wọ́n gbà sílẹ̀ sórí fóònù. Bí ọmọ bá ń súnmọ́ bar mitzvah, ìyẹn ayẹyẹ tí ọmọkùnrin ń ṣe ní ọdún 13, ó ní ibi tó máa kà nínú Tórà níwájú ìjọ. Àkájọ náà kò ní fáwẹ̀lì, kò sì ní àmì orin, nítorí náà olùkọ́ á kọ ọ́ lórin, á gbà á sílẹ̀, ọmọ á máa gbọ́ ọ títí á fi mọ̀ ọ́n lórí. Lọ́jọ́ náà, gbogbo ènìyàn á pàtẹ́wọ́. Ẹ ní kó ka ìlà tó tẹ̀lé e, ẹ ó rí i pé kò lè kà á. Ohùn tí a gbà sílẹ̀ dára fún àtúnyẹ̀wò, lẹ́yìn tí ọmọ bá ti fi ojú ara rẹ̀ kà á jálẹ̀ láti inú ìwé tó ní àmì.

Ọ̀rọ̀ bar mitzvah yìí, àti bat mitzvah tí àwọn ọmọbìnrin ń ṣe ní ọdún 12 tàbí 13, nílò ìkìlọ̀ mìíràn. Ní Amẹ́ríkà, ọdún 1922 ni Judith Kaplan ṣe tirẹ̀ ní New York, ibẹ̀ ni àṣà ti ọmọbìnrin ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbilẹ̀ lórílẹ̀-èdè náà. Òfin Júù sọ pé bí ọmọ bá ti pé ọjọ́ orí yẹn ló bẹ̀rẹ̀ sí í ru ẹrù àṣẹ Ọlọ́run fúnra rẹ̀. Àmọ́ olùkọ́ á máa sọ pé, “Bí o kò bá kàwé, ojú á tì ọ́ níwájú gbogbo ìjọ.” Ẹni tó ń fi ọjọ́ kan dẹ́rù ba ọmọ lọ́dún mẹ́rin ti kọ́ ọ pé ọjọ́ náà ni òpin ìdààmú. Kó má yà yín lẹ́nu bí ẹ kò bá rí i mọ́ lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e.

Ṣé ẹ rántí ìkánjú tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan? Ó tún wà nínú bí wọ́n ṣe ń kọ́ni ní àjọ̀dún. Lọ́dọọdún, bí ọdún tuntun àwọn Júù bá dé ní September tàbí October, èso ápù àti oyin ni. Bí Hanuka, àjọ̀dún ìmọ́lẹ̀, bá dé, ká gé pépà ṣe fìtílà. Ó dára fún ọmọ ọdún mẹ́fà. Ọmọ ọdún méjìlá tó ti gé fìtílà lẹ́ẹ̀mẹfà á rò pé gbogbo ohun tó wà nínú ẹ̀sìn bàbá òun kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ wo Ọjọ́ Ètùtù. Ẹ lè sọ fún ọmọ ọdún mẹ́sàn-án pé Míṣínà, àkójọ òfin àtijọ́ àwọn Júù, ní ọjọ́ náà kì í pa ẹ̀ṣẹ̀ tí a ṣẹ ọmọnìkejì rẹ́ títí a ó fi tù ú nínú. Ẹ bi í léèrè ta ló yẹ kó lọ bẹ̀. Ọmọ ọdún méjìlá ti tó ka ìwé Jónà, tí wọ́n ń kà ní ọ̀sán ọjọ́ yẹn: kí ló dé tí inú fi bí wòlíì pé Ọlọ́run dárí ji Nínéfè? Àjọ̀dún kan náà ni, àmọ́ ẹ̀kọ́ náà ń bá ọmọ dàgbà.

Èyí ló gbé mi dé orí àṣìṣe tí mo kà sí èyí tó tóbi jù: pípa ẹnu ọmọ mọ́. Ọmọ á béèrè pé ṣé òkun pín lóòótọ́, tàbí kí ni àwọn àkọ́bí Íjíbítì ṣẹ tí wọ́n fi kú. Olùkọ́ tó ń sá fún aago á dáhùn pé, “Ìyẹn kọ́ là ń sọ.” Àwa tí wọ́n tọ́ ní ilé tí ọmọdé kì í ti í bi àgbà ní “kí ló dé” lè gbà pé ó tọ̀nà. Ní ilé Júù, ìbéèrè mẹ́rin ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀ ìtàn ìjáde kúrò ní Íjíbítì níbi oúnjẹ alẹ́ Ìrékọjá, ọmọ tó kéré jù sì ni wọ́n sábà máa ń yàn láti béèrè mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ìwé tí wọ́n ń kà lálẹ́ ọjọ́ náà dárúkọ ọmọ mẹ́rin: ọlọ́gbọ́n, ìkà, òpè, àti èyí tí kò mọ bí a ti ń béèrè. Fún èyí tó kẹ́yìn yìí, wọ́n ní kí òbí ṣí i fún un. Hillel, olùkọ́ Júù àtijọ́ kan, náà ti sọ ọ́ nínú Pirkei Avot, apá kan nínú Míṣínà, pé onítìjú kì í lè kẹ́kọ̀ọ́, oníbìínú kì í sì í lè kọ́ni. Bí olùkọ́ kò bá mọ èsì, kó sọ pé òun á bi rábì, kó sì mú èsì náà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ọ̀pọ̀ ló ń ṣèlérí yìí tó ń gbàgbé, ọmọ kì í sì í gbàgbé.

Ẹ má fi ilé ọmọ ṣe ìdánwò. “Báwo ni màmá yín ṣe ń tan àbẹ́là Sábáàtì ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì?” dún bí ọ̀rọ̀ ìfẹ́, àmọ́ ìyá náà lè má jẹ́ Júù. Ìwádìí tí Pew Research Center ṣe ní 2020 fi hàn pé nínú àwọn Júù Amẹ́ríkà tó ṣègbéyàwó láti 2010, ìdá 61 nínú ọgọ́rùn-ún ló fẹ́ ẹni tí kì í ṣe Júù. Ẹ ní kí ẹni tó bá fẹ́ sọ̀rọ̀ sọ ohun tó ti rí, nílé tàbí níbòmíràn. Bákan náà, aláwọ̀ dúdú wà láàrin àwọn Júù, àwọn tó ti Etiópíà wá àti àwọn mìíràn. Olùkọ́ tó bi irú ọmọ bẹ́ẹ̀ pé báwo ló ṣe di Júù, tí kò sì bi ẹlòmíràn, ti sọ ọ́ di àlejò nínú ilé ara rẹ̀.

Ẹ ṣọ́ra fún ìwé àyálò. Nígbà tí Rebecca Gratz, obìnrin Júù kan, dá ilé-ẹ̀kọ́ ọjọ́ Àìkú àwọn Júù sílẹ̀ ní Philadelphia ní 1838, kò sí ìwé. Ti àwọn Kristẹni ni wọ́n lò, wọ́n sì lẹ pépà bo ibi tí kò bá ìgbàgbọ́ wọn mu. Lónìí, àwòrán ọ̀fẹ́ pọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n á sì kọ “Májẹ̀mú Láéláé” sí i. Júù kì í pe ìwé rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Kì í sì í pe orúkọ Ọlọ́run tó ní lẹ́tà mẹ́rin bí a ṣe ń pe Jèhófà; Adonai, ìyẹn Olúwa, ni wọ́n ń kà nínú àdúrà.

Ní ti bí ìjọba Nazi ti Jámánì ṣe pa àwọn Júù, Ilé Àkójọ ìtàn ìpakúpa náà tó wà ní Washington dámọ̀ràn rẹ̀ fún ọmọ kíláàsì kẹfà sókè. Wọ́n tún kìlọ̀ pé kí a má ṣe jẹ́ kí ọmọ ṣeré pé òun wà ní àgọ́ ìpànìyàn náà. Ẹ má ṣe é, bó ti wù kí ète rẹ̀ dára tó.

Àwọn kéékèèké ló kù. Pépà tí orúkọ Ọlọ́run bá wà lára rẹ̀ ní Hébérù kì í lọ sínú pàǹtírí. Àpótí wà fún un ní sínágọ́gù, wọ́n á sì sin ín tó bá yá. Lọ́sẹ̀ Ìrékọjá, ohunkóhun tó ní ìwúkàrà kò gbọdọ̀ wọ kíláàsì. Kí ẹ tó ra ìpanu lọ́jọ́kọ́jọ́, ẹ béèrè ní ọ́fíìsì èwo ni wọ́n gbà wọlé, àti ọmọ wo ni ẹ̀pà kì í bá lára mu.